Ìlà Tí Mo Fà Gba Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Ìsàlẹ̀ Odò,
Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ibtisam, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo ará ìlú Awo? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá yín ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ṣé ara ìwọ náà le? Tèmi ò dáa.

O mọ̀ pé látìgbà tí mo ti fi iléèwé sílẹ̀, ilé tí Ọ̀gá Adébísí ń kó àgbàdo pamọ́ sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ètò kan wà lórí fóònù tí a fi ń pín iṣẹ́. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú àpótí tirẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n máa fa ìlà láti àpótí kan sí èkejì. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́, mẹ́séèjì á gba ìlà yẹn lọ bá ẹni tó kàn.

Najeem ló ń fín òògùn kòkòrò. Màmá Fáwùmí, ará Alajue, ló ń di àgbàdo sápò. Ó yẹ kí ìlà Najeem lọ tààrà sọ́dọ̀ Màmá pé òun ti fín in, kí wọ́n má wọlé. Èmi wá rò ó pé, Najeem tí ò ju ọmọ ọmọ wọn lọ, òun ni yóò máa pàṣẹ fún wọn? Mo bá fa ìlà náà gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, kí àgbà lè sọ fún àgbà. Mo tiẹ̀ rò pé mo gbọ́n.

Nírọ̀lẹ́ àná, Najeem fín in. Ọ̀gá wà ní Ìbàdàn, fóònù wọn ti kú. Láàárọ̀ yìí, Màmá wo fóònù tiwọn bí a ṣe kọ́ wọn, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n bá ṣílẹ̀kùn. Orí àpò la ti bá wọn, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Wọ́n wà ní ọsibítù, wọn ò tíì lajú.

Àwọn ọmọ wọn fa Najeem lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Wọ́n ń bi í pé, "Ṣé ẹnu rẹ kú ni, tó ò fi lè sọ fún Màmá wa?" Najeem ń búra pé, "Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ bi Fèyí, òun ló mọ bó ṣe ń lọ." Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní mi ò mọ̀.

Ibtisam, mo mọ̀. Mo ti wò ó lórí fóònù mi. Mẹ́séèjì Najeem wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó ṣí i.

Mo sálọ sílé. Tí Màmá bá kú ńkọ́? Ṣé wọ́n á tì mí mọ́lé? Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti Najeem ló ń bá mi dákẹ́.

Ìgbà tí Màámi rí ojú mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò lù mí. Wọ́n kàn ní, "Fèyí, tílé bá ń jó mọ́ àgbà, ta ló ń wá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kó tó pè é jáde?" Wọ́n ní kí n mú fóònù, ká jọ lọ sí tésàn, kí n fi mẹ́séèjì náà hàn wọ́n.

Bá mi kí Màmá yín, àmọ́ má tíì sọ fún wọn. Màámi ti wé gèlè, wọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bi mí pé irú lẹ́tà wo ló gùn tó báyìí. Mi ò lè sọ fún wọn pé mo kàn ń fi lẹ́tà falẹ̀ ni.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀rù ń bà,
Fèyísọ́lá.