Ohun Tí Phoebe Kọ Sábẹ́ Ẹyin

Ọjọ́ Ajé, 2/11/92
Bàbá tuntun ni iléeṣẹ́ wa fún mi láti máa tọ́jú nílé rẹ̀, ní Thamesmead East, nílùú òyìnbó níbí. Òyìnbó arúgbó, ojú rẹ̀ ti ń lọ. Mo wẹ̀ fún un, mo fún un ní tíì. Lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì — ẹyin! Ó tóbi ju orí mi lọ. Ẹyin adìyẹ lásán ní oríta, a máa ń yà fún un, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti eléyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3/11
Bàbá Ẹlẹ́yin ṣàlàyé, mi ò bi í. Erékùṣù Madagásíkà ni òun àti Phoebe, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, ti rí i. Ẹyẹ tó ga ju ilẹ̀kùn lọ ló yé e, ìyẹ́ ò lè gbé ẹyẹ náà, ẹsẹ̀ nìkan ló ní. Ó ti tán láyé tipẹ́. Bọ́ọ̀sì ò tètè dé, mo fẹsẹ̀ rìn délé. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ — èmi náà rèé.

Ọjọ́rú, 4/11
Mo lálàá ẹyin.

Ọjọ́bọ̀, 5/11
Mo sọ fún Mọ́mì Keziah, ìyá wòlíì ìjọ wa ní Woolwich. Wọ́n ní, "House tí o ti ń work, o ò ní sanctify ẹ̀? Gba omi yìí jàre."

Ọjọ́ Ẹtì, 6/11
Bàbá ń tòògbé. Mo ka Sáàmù, mo fi aṣọ bọ omi àdúrà, mo nu ẹyin náà yíká. Ìdọ̀tí dúdú kan wà lábẹ́ rẹ̀, mo fi agbára nù ún kúrò. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí.

Ọjọ́ Ajé, 9/11
Mo gbé! Bàbá ní kí n ka ohun tí Phoebe kọ sábẹ́ ẹyin fún òun. Gbogbo Mọ́ńdè ni ẹni tó ń tọ́jú òun máa ń kà á sókè; ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun fi sílẹ̀ torí àlejò ni mí. Ìdọ̀tí dúdú! Ọ̀rọ̀ òkú ni mo nù dànù. Mo ní mo gbàgbé awò ojú mi sílé. Mi ò lo awò rí láyé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10/11
Ó tún béèrè awò. Mo tún purọ́. Tó bá fẹjọ́ sùn, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn — ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni, kò sì sí níbòmíràn mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 12/11
Irọ́ ti sú mi. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ — omi, Sáàmù, gbogbo ẹ̀. Ó fa ẹyin náà mọ́ra. Ó ń fi àtàǹpàkò wá abẹ́ ẹyin. Ó ní ṣé mo mọ ohun tó wà níbẹ̀? Mo ní rárá, sà.

Ó ní èyí ló wà níbẹ̀: "Má fi omi nù ún o. Phoebe."

Pé òun ni Phoebe kọ ọ́ fún, torí òun kì í lè rí nǹkan kóun má fọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ẹ̀rín náà wá di ẹkún. Mo bá a sun ún. Lẹ́yìn náà ló na bírò sí mi. Mo tún un kọ sábẹ́ ẹyin, mo fi orúkọ Phoebe sí i. Ó ní kí n kà á.

Mo kà á.