Orúkọ Kan Tó Kù Lórí Ìwé

Ẹ̀yìn Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Abúlé Mthombe,
Lusikisiki.
Ọjọ́ Keje, Oṣù Kẹjọ, 2023.

Thozama, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà nínú òtútù yìí? Ọwọ́ rẹ ńkọ́, èyí tí o ní ọsàn kíkó sínú páálí ń bó láwọ? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé Olwethu ti jáwọ́ nínú ìka mímu? Ara ìyá rẹ le níbí. Mo yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lánàá lẹ́yìn ìsìn, ó ń bá ewúrẹ́ jà nítorí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé aṣọ òtútù tí o fi ránṣẹ́ ti dé, pé ó nípọn dáadáa.

Èmi náà wà, ara mi kò ṣàìsàn. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, n kò sì ní fi ẹ̀rín bò ó fún ọ. Wọ́n ti dá owó ìrànwọ́ àwọn ọmọ dúró: ti Lwando ọmọ mi, àti ti Aviwe tí àbúrò mi fi sílẹ̀ kó tó kú. Oṣù kẹta rèé.

Òtítọ́ tí mo lọ sọ ló kó bá mi. O mọ̀ pé ọjọ́ méjì ni mo fi ń bá ìyáàfin tó ń ta oògùn ní ìlú tún ilé ṣe lọ́sẹ̀. Lóṣù kẹrin, ó fi ọjọ́ kan kún un. Ìwé tí wọ́n fún wa ní ọ́fíìsì owó ọmọ sì sọ pé kí ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá yí padà wá sọ. Mo wẹ̀, mo wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo jáde. MamTolo bá mi níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀, ó bi mí ibi tí mo ń lọ. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wò mí tìyanutìyanu.

"Ìyá Lwando, ta ló bi ọ́? Ṣé o rí ẹni tó ń ké pe olè wá sílé ara ẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọlọ́pàá kò ní bá ẹni tó sòótọ́ jà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, Thozama. Èmi ni mo gbé e lọ sọ́jà.

Ọjọ́ kan tó kún iṣẹ́ mi kò tiẹ̀ jẹ́ nǹkan lójú wọn. Àmọ́ wọ́n ní kí n mú ìwé báńkì oṣù mẹ́ta wá, kí wọ́n lè rí i pé owó mi kò kọjá ààlà. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti rí owó ẹgbẹ́ ìsìnkú wa.

O rántí bí owó náà ṣe dé inú àkáǹtì mi. Inú agolo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì MaDlomo ló ń wà títí olè fi wọlé jí i. Báńkì ní ká mú ìwé òfin ẹgbẹ́ wá, ká mú ìwé ìdánimọ̀ èèyàn mẹ́wàá wá, bẹ́ẹ̀ òfin tiwa kò sí nínú ìwé kankan, ẹnu wa ló wà. Ìwọ gan-an lo dìde nípàdé tí o ní, "Zoleka ní káàdì, ó mọ̀wé, ọwọ́ ẹ̀ sì mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa bá wa tọ́jú ẹ̀." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. N kò sọ ọ́ láti fi bú ọ, Ìyá Ìbejì. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, orí mi wú. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni obìnrin ogójì ń mú ọgọ́rùn-ún ráńdì wá fún mi, èmi a sì gbé e lọ sí báńkì. Òkú mẹ́fà la ti fi sin, pẹ̀lú pósí, màlúù àti àgbàdo, kò sí ìdílé kan tó tọrọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò kanra mọ́ mi, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi kí n lè rí i.

"Mama, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ráńdì ń wọlé fún yín lóṣooṣù, yàtọ̀ sí owó iṣẹ́. Ẹ ti kọjá ààlà."

Mo ní, "Ọmọ mi, owó òkú nìyẹn. Ti gbogbo abúlé ni."

"Mo gbọ́, Mama. Ìyá tèmi náà wà nírú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ yìí ò mọ ẹgbẹ́. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lórí àkáǹtì ló mọ̀."

Ó wá fún mi ní ìwé kan. Kí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn sí i, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé owó àwọn ló wà níbẹ̀, pé èmi kàn ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Bí kò bá dé títí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí, wọn yóò pa fáìlì mi dé, wọn yóò sì ní kí n dá owó ọdún kan padà.

Mẹ́ta péré nínú ogójì. Mo rò pé wọ́n á máa jà dù ú ni. Mo gbé ìwé náà lọ sípàdé, mo ṣàlàyé, mo fi bírò lé e lórí. Kò sẹ́ni tó nawọ́. MamTolo, tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ń ta pọfpọf lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"A ò sọ pé o jalè o, Ìyá Lwando. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi nọ́ńbà mi síbẹ̀ pé mò ń dá ọgọ́rùn-ún ráńdì lóṣù, ṣé wọn ò ní bi mí pé níbo ni mo ti ń rí i? Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ń fún mi lówó lé lórí. Mi ò sọ̀rọ̀ pọfpọf fún wọn rí."

"Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn," ẹnìkan wí lẹ́yìn. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀.

MaDlomo ló ní kí wọ́n gbé e wá. "Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, eyín mi?" Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Opó pásítọ̀ fọwọ́ sí i tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó tún súnmọ́ ìwé náà.

Mo bínú, n kò ní tàn ọ́. Mo délé, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí mo sì rò ó dáadáa, n kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí mo mọ ohun tó wà nínú ìkòkò wọn. Ohun tó dùn mí jù dé ní ìjẹta, tó jẹ́ Sátidé àkọ́kọ́. Gbogbo wọn ló wá, kò ku ẹyọ kan, oníkálukú pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ráńdì rẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa gbà á. Wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tí àwọn lè fọkàn tán bí èmi. Wọ́n lè fi owó wọn lé mi lọ́wọ́, àmọ́ wọn kò lè fi orúkọ wọn lé mi lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ráńdì owó òkú wà nínú àkáǹtì mi, ògì tí kò ní ṣúgà ni àwọn ọmọ sì ń mu. N kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ níbẹ̀. Aviwe bi mí láàárọ̀ yìí pé, "Mama, ṣé ó dìgbà tí ẹnìkan bá kú ká tó lè ná owó yẹn?" Mo bu ògì tèmi kún tirẹ̀.

O ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ẹni tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlákàá tọ alábẹ lọ. Ìyá rẹ ṣì ń bá ọ dá tìrẹ lóṣooṣù, nítorí náà ọmọ ẹgbẹ́ ni ọ́. Mo sì mọ̀ pé o kò tíì sọ iṣẹ́ ọsàn náà fún wọn, pé owó ìbejì wà lára ohun tí o fi ń san owó ilé níbẹ̀. Ohun tó ń ba MamTolo lẹ́rù ló yẹ kó ba ìwọ náà lẹ́rù.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún ọ. O rántí bí mo ṣe máa ń bá ọ kọ iṣẹ́ àṣetiléwá nílé-ẹ̀kọ́, tí tíṣà kò mọ̀? Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kọ orúkọ rẹ sẹ́yìn àpòòwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì rí bákan náà gẹ́lẹ́. Mo wò ó pẹ́, mo sì jù ú sínú iná. Mo ti sòótọ́ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò fẹ́ kó jẹ́ orí orúkọ rẹ ni màá ti dá a dúró.

Bá mi kí àwọn ìbejì. Lwando ní kí o bá òun kó ọsàn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ èyí tó ti rọ̀. MaDlomo ní kí n kí ọ, ó ní kí o má jẹ́ kí òtútù wọ̀ ọ́ léegun.

Ìwé náà wà nínú àpòòwé yìí, nítorí wọn kò gba fọ́tò orí fóònù. Mncedisi awakọ̀ tó gbé e wá ń padà bọ̀ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Bí o bá lè fọwọ́ sí i, fọwọ́ sí i. Bí o kò bá lè ṣe é, dá a padà sí mi lófìfo, n kò ní bínú, ìyá rẹ yóò sì máa rí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bó ṣe ń rí mi. Àmọ́ má ṣe dákẹ́, Thozama. Obìnrin mẹ́tàdínlógójì ti dákẹ́ fún mi, n kò lè gba tìrẹ kún un.

Èmi tí o fi ọwọ́ rẹ̀ yangàn nípàdé,
Zoleka.