Àwọn Fáànù Bàbá Rẹ Ti Dé

Ọmọ mi àtàtà,

Irọ́ ni. Kí n tó kí ọ rárá ni mo fẹ́ kí o ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí tí inú bá ti ń bí ọ, o kì í ka ìwé dé ìsàlẹ̀. Wọn ò hó lé bàbá rẹ lórí. Ẹnikẹ́ni ò lé wọn kúrò lórí pẹpẹ, ẹnikẹ́ni ò sì sọ̀kò. Mo mọ ẹni tó fi fóònù gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá ọ. Rédíò ni, bí a ṣe ń pe ọkùnrin tó ń ta páànù òrùlé lójú títì. Òdìkejì títì ló dúró sí lọ́jọ́ náà, kò lè fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ kó wá wòran. Ó rí ọkùnrin kan tó tẹrí ba, ó gbọ́ ariwo, ó so méjèèjì pọ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ parí èyí tó kù. Jókòó, mu omi, màá sọ bó ṣe rí fún ọ.

Ó yá, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Yàrá tí o ní òjò ń wọ̀ yẹn, ṣé onílé ti bá ọ tún un ṣe? Ọlọ́run tó mú ọ gba títì oníkòtò wa yìí dé ìlú ńlá láìṣubú kò ní jẹ́ kí o ṣubú lórí títì ọ̀dà. Ẹni tó bá ní o ò gbọdọ̀ jókòó, òun náà ni yóò gbé àga wá fún ọ. Àwa ńkọ́? A wà. Ìyá rẹ kí ọ, wọ́n ní kí o máa jẹun kí o tó sùn. Ewúrẹ́ tó jẹ ìwé ẹ̀rí rẹ lọ́jọ́sí ti bí ìbejì, àwọn ọmọ náà sì jọ alákọ̀wé.

O mọ̀ pé àkọ́bí ni bàbá rẹ, àbígbẹ̀yìn sì ni mí, irùngbọ̀n mi ò tíì kún dáadáa. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá, bàbá ni. Bàbá rẹ kékeré ló ń sọ̀rọ̀ yìí, má já mi lẹ́nu. O ránṣẹ́ pé kí n gba gìtá lọ́wọ́ wọn, kí n tì í mọ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi, pé o ń bọ̀ wá mú wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ kí wọ́n lè lọ sinmi, kí ìtìjú má pa wọ́n. Mi ò ní gbà á. Bó bá jẹ́ pé oríkunkun lo máa pè é, pè é bẹ́ẹ̀, ṣáà ka ìyókù.

Kí wọ́n tó bí ọ ni bàbá rẹ ti ń fi gìtá oníná kọ orin rọ́ọ̀kì, orin tó máa ń mú kí fèrèsé gbọ̀n. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn tú ká, wọ́n padà wálé wá ń tún rédíò àti áyọ́ọ̀nù ṣe, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n Wáyà. A rò pé orin ti parí. Àfi bí ọ̀dọ́mọkùnrin onísítúdíò kan ṣe ti ìlú ńlá wá lọ́dún yìí, tó ní òun ń wá wọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó fi mátíràsì bo gbogbo ògiri yàrá wọn. Mo rò pé ṣe ni wọ́n máa ń sùn lóòró níbi tó ti wá. Ó ní torí ohùn ni, kí ohùn má sá lọ. Wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n kọrin, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Nígbà tó padà wá, ó ní àwo orin tuntun ẹ̀gbọ́n mi ti jáde. Mo ní kó mú un wá kí n rí i. Ó ní kò sí ohun tí n máa rí, inú fóònù ló wà. Ọmọ mi, mo ti rí àwo tanganran, mo ti rí àwo onírin, mo ti rí àwo dúdú tí bàbá rẹ kó pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, ṣùgbọ́n àwo tí kò ṣe é fọ̀, tí kò sì ṣe é fọ́, ìyẹn ni ojú mi ò rí rí. Ó ní àwọn èèyàn ń tẹ àtàǹpàkò fún bàbá rẹ láti ìlú dé ìlú. Mo bi í pé ipò wo ni wọ́n ń dù, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìbò ti dé. Ó ní wọ́n sì ti ní ọmọlẹ́yìn rẹpẹtẹ. Mo yọjú wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi níbi tí wọ́n jókòó sí. Ògiri ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá délẹ̀ lọ́jọ́ tí onísítúdíò yìí pè mí, torí bàbá rẹ ò ní fóònù. Ó ní àwọn fáànù ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá kí wọn nílé lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ méjì ni wọ́n máa kún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ooru ọdún yìí kò kéré. Mo bi í bóyá onídùúró ni wọ́n àbí èyí tí wọ́n ń kọ́ sí àjà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á dúró. Mo bi í bóyá tuntun ni wọ́n. Ó ní rárá o, àwọn mìíràn ti wà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, kò sì tíì rẹ̀ wọ́n. Mo ní ṣé wọn kì í pariwo. Ó ní ariwo ni iṣẹ́ wọn. Mo sọ nínú ara mi pé tòkunbọ̀ ni, mo bá lọ ra òróró sínú agolo, kí n lè máa ta á sí wọn nídìí.

Mo lọ sọ fún bàbá rẹ pé fáànù wọn ń bọ̀. Omi kàn lé ròrò sí ojú wọn. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní ooru ti ń bá ẹni yìí jà tipẹ́, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ta gìtá tàárọ̀ tọ̀sán, wọn kì í sinmi. Mo bi wọ́n pé ta ló ń ta gìtá fún fáànù. Wọ́n ní ta ni àwọn ìbá tún máa ta á fún bí kì í bá ṣe fáànù. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n.

Èmi náà ò jókòó. Mo kó àwọn pákó àjà tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù, mo kan pẹpẹ gígùn kan síwájú ilé, tí a máa to fáànù lé kí ẹrẹ̀ má bà wọ́n jẹ́. Èèyàn ò sì lè rí ire kó dá a jẹ. Mo ṣèlérí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìyá télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, fún onígbàjámọ̀, àti fún ọ̀gá ilé ìwé tó ní ooru ò jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ìṣirò.

Sátidé dé. Ọ̀gá ilé ìwé ti ọmọlanke wá láti fi gbé tirẹ̀. Ọkọ̀ méjì dúró, àwọn tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, àgbàlagbà ló pọ̀ nínú wọn, gbogbo wọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú, àwòrán bàbá rẹ sì wà láyà wọn, ti ìgbà tí irun ṣì kún orí ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ dúdú, àwòrán láyà. Mo sáré wọlé lọ wò bóyá ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń mí. Wọ́n ń fá irùngbọ̀n. Mo jáde, mo kí àwọn àlejò pé ẹ kú àráfẹ́rakù. Wọ́n wojú ara wọn. Mo bi onísítúdíò pé inú ọkọ̀ wo ni fáànù wà, ó nawọ́ sí àwọn èèyàn náà, ó ní àwọn nìyí. Ọmọ mi, mo ṣì lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìgbà náà ló tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn orin èèyàn tí kò lè fi pamọ́, òun ni wọ́n ń pè ní fáànù. Mo rọra ti agolo òróró bọ àpò.

Ìyá télọ̀ pòṣé, wọ́n ní mo jọ fáànù. Onígbàjámọ̀ ní mo ti ba òun lórúkọ jẹ́ lójú àwọn oníbàárà, òun ti ní kí wọ́n wá fá orí nínú atẹ́gùn. Ọ̀gá ilé ìwé dojú ọmọlanke dé, ó jókòó lé e. Kí wọ́n lè fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe dúró.

Bàbá rẹ jáde, wọ́n gun orí pẹpẹ mi, gìtá wà lọ́rùn wọn. Orin àkọ́kọ́ nínú àwo tuntun yẹn, Mo Ṣì Ń Bọ̀ ni wọ́n pè é. Àwa tí à ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú wọn ò mọ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Àwọn tó wọ ọkọ̀ wá mọ gbogbo rẹ̀, wọ́n ń gbà á lẹ́nu bàbá rẹ. Bàbá kan tó ń fi ọ̀pá rìn ju ọ̀pá sílẹ̀, ó ń fò. Orí mi wú. Mo wo Rédíò lódìkejì títì, mo ní kó ṣáà máa wò.

Orin kejì ni. Wọ́n dé àárín rẹ̀, ibi tí gìtá ti máa ń dá sunkún, ọwọ́ òsì wọn tó ń tẹ wáyà bá dì gbagidi. Ìgbaradì àárọ̀ àti ọ̀sán yẹn ló pa á. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún na àwọn ìka náà, wọ́n tún ká padà. Bàbá rẹ tẹrí ba, wọ́n ń wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọmọ tó dójú ti ni níwájú àlejò. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ti kọ̀. Ẹ má bínú, ẹ máa lọ sílé."

Mo dìde láti lọ gba gìtá lọ́wọ́ wọn. Ohun tí o ń ní kí n ṣe yìí gan-an ni. Mo ti na ọwọ́ sí okùn rẹ̀ tán.

Ìyá kan nínú àwọn aláṣọ dúdú, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló dáhùn láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé torí ọwọ́ la ṣe wá ni? Ẹ máa kọrin. Ti gìtá yẹn, a mọ̀ ọ́n."

Wọ́n bá lanu, ìyá àgbà, wọ́n ń fi ẹnu ṣe gìtá. Wáń-wáń-wáá, bó ṣe wà nínú àwo gẹ́lẹ́, ibi tó ti ń lọ sókè àti ibi tó ti ń bọ̀ nílẹ̀. Àwọn yòókù gbà á. Ọkọ̀ méjì èèyàn ń fi ẹnu ṣe gìtá ní ọ̀sán gangan. Bàbá rẹ wò wọ́n títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé orin náà níbi tó já sí. Ìgbà náà ni agbo hó. Ìhó ayọ̀ ni. Òun ni Rédíò gbọ́.

Màmá nọ́ọ̀sì gun pẹpẹ, wọ́n di ọwọ́ òsì náà mú, wọ́n ń ra á bí orin ṣe ń lọ. Bàbá tó ju ọ̀pá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tẹ̀ lé wọn. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ń dúró ti bàbá rẹ, kì í ṣe torí ìfẹ́ o, torí pákó àjà ni. Fáànù ni mo kàn án fún, n ò kàn án fún èèyàn. Ìyá télọ̀ gòkè, wọ́n ṣì ń bínú sí mi. Onígbàjámọ̀ gòkè. Ọ̀gá ilé ìwé fi ọmọlanke sílẹ̀, ó gòkè. Ìyá rẹ, tí kì í fẹ́ gbọ́ ariwo gìtá nínú ilé, ká ìró sókè, wọ́n gòkè, wọ́n lọ dúró sápá ọ̀tún ọkọ wọn. Pákó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo rá pálá wọ abẹ́ pẹpẹ, mo fi èjìká gbé e. Níbẹ̀, mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́, àlàfo pákó nìkan ni mo ń wò, ẹsẹ̀ ni mo sì ń rí, bàtà, sálúbàtà, ẹsẹ̀ lásán, wọ́n ń pọ̀ sí i. Ó yá, mo ṣíwọ́ kíkà. Mo ní bó bá máa wó, kó wó. Kò wó.

Nítorí náà, ọmọ mi, gìtá wà lọ́rùn ẹni tó ni ín. Ọwọ́ náà ti ń nà. Màmá nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa ta á níwọ̀n, kí wọ́n máa sinmi láàárín orin, mo sì ń ṣọ́ wọn. Tí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí.

Owó díẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́, kì í ṣe fún oúnjẹ. Ra wáyà gìtá tuntun fún bàbá rẹ, èyí tó rọ̀ lábẹ́ ìka, kí o sì fi nǹkan kún owó pákó líle fún mi, torí àwọn aláṣọ dúdú ti ní àwọn ń padà bọ̀. Ìwọ náà wá. Má wá mú ẹnikẹ́ni lọ, wá dúró.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní kọ̀ fún ọ. Bó bá sì kọ̀ lọ́jọ́ kan, Ọlọ́run yóò rán ẹni tó mọ orin rẹ sí ọ. Ibikíbi tí o bá dúró sí láyé, o ò ní dá dúró.

Èmi ni bàbá rẹ kékeré,
káfíńtà.