Ẹ̀rọ Ọláníran Kò Dún Mọ́

Okun o, Bàbá wa Ọláníran. Ọdún méje rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀! Ọdún méje, omijé wa ò tíì gbẹ.

Moyinolúwa tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Lájídé ọmọ yín ti kan òrùlé ilé tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Rónkẹ́ la fẹ́ sọ fún yín, nítorí òun ni ọmọ tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ ìlọkà lé lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ tí bàbá yín fi lọ́rì gbé wọ Kàbà, tí àwọn ará Ìyàrá àti Ẹ̀kìnrìn ń ru ọkà bàbà wá bá! Nígbà tí ẹ kú, àwọn àgbà ní kò gbọdọ̀ dún títí a ó fi sin yín. Ọ̀wọ̀ ni, a sì ti ilẹ̀kùn. Lájídé tí a ń dúró dè fún ìsìnkú pẹ́ kó tó ti òkè òkun dé. Omi tó ń mú ẹ̀rọ tutù, tí ẹ máa ń fọwọ́ ara yín tú jáde nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, inú ẹ̀rọ ti dógùn-ún. Ọ̀wọ̀ tí a fún yín ló pa á.

Wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Rónkẹ́ fẹ́ rọ́pò yín, ẹ̀rọ ni kò jẹ́. Ó ń nù ún, ó ń fi epo pa á bí ẹní ń tọ́jú ọmọ jòjòló. Àwọn kan wá ya fọ́tò, wọ́n ní ohun ìtàn ni, kò yẹ kó bàjẹ́, àwọn yóò padà wá. Ó ń retí wọn títí, wọn ò padà wá. Lọ́dọọdún, tí ìrántí yín bá dé, orí ọlọ ló ti ń fọwọ́ lọ ọkà àlejò. Ó ní òun ò ní gbé e lọ sí ẹ̀rọ ẹlòmíràn láéláé.

Lóṣù tó kọjá, Philip, mẹkáníìkì tí ẹ kọ́ níṣẹ́, tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Ó nuwọ́, ó ní:

“Àǹtí Rónkẹ́, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ó ti kú.”

 Lánàá, Rónkẹ́ gbé ọkà ìrántí yín lérí, ó gba ẹ̀yìn ọjà lọ síbi ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bẹntiróòlù. Àwọn obìnrin tó mọ̀ ọ́n ní kó bọ́ síwájú. Ó kọ̀, ó tò sẹ́yìn wọn.

Ìyẹ̀fun náà kúnná, Bàbá. Ó kúnná bíi tiyín gan-an, òun ló pa Rónkẹ́ lẹ́kún. Àárò yín ń sọ wá, a fẹ́ràn yín, kò sì sí ohun tó kù tí a ó fi fi ìfẹ́ náà hàn yín.