Mègáàdì Mọ Orúkọ, Kò Mọ Ọwọ́

Láti Ọ́fíìsì Ààrẹ,
Ẹgbẹ́ Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́,
Adjamé, Abidjan.
Sátidé, 15h20.

Sí Mustaqeem, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Siporex,

Ọmọ mi, mo kí ọ, kíkí tó tó kíkí. Ṣé ara le? Ṣé bébà kò há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ mọ́? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlera rẹ dúró ṣinṣin bí òpó mọ́ṣáláṣí. Èmi Àlàájì Àrìmíyàù, Ààrẹ ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mẹta, tí kò sì gbàgbé láti sọ ọ́ rí, ni mo ń kọ̀wé sí ọ. Mo wí bẹ́ẹ̀, mo sì tún un wí.

Ìròyìn kàn mí pé ní Ọjọ́rú, Alhaja Sàlímátù, Ìyá Ẹgbẹ́ wa, gba káàdì tuntun rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, ó wọ awò, ó kà á, ó sì figbe ta. Ìyà Ẹgbẹ́ ló wà lára rẹ̀! Àmì kan ṣoṣo ló yí padà, ìyá di ìyà. Obìnrin tó ń ṣètọ́jú gbogbo wa, òun ló wá di ìyà tó ń jẹ wá? Haba!

Mo gbọ́ pé o ní ètò kan nínú kọ̀ǹpútà, tí o sọ ní Mègáàdì. Àpò fáìlì àwọn káàdì ló ń ṣọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ̀dá fáìlì níbẹ̀, tó yí i padà, tàbí tó pa á rẹ́, Mègáàdì á kọ aago sílẹ̀, á kọ orúkọ tí onítọ̀hún fi wọlé, á sì ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Ó ní Carelle, akọ̀wé rẹ, ló yí káàdì Alhaja padà ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, 13h12, nígbà tí o wà ní mọ́ṣáláṣí. Láti Ọjọ́rú ni o ti ń wo ọmọbìnrin náà bí ẹni ń wo ẹja tó fẹ́ rùn. O ń yẹ báàgì rẹ̀ wò. Àní o lọ bi Ignace tó ń ta garba, àtíẹ́kẹ́ òun ẹja díndín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bóyá Carelle ní ọ̀tá nínú ẹgbẹ́ wa. Carelle, ọmọ Abobo, tí kò gbọ́ Yorùbá ju “ẹ kú iṣẹ́” lọ!

Ibẹ̀ gan-an ni ìfura mi ti bẹ̀rẹ̀. O ní à ló wà lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà àwọn Faransé, á kò sí níbẹ̀, pé Carelle ló ṣì í tẹ̀. Irọ́. Gbogbo àmì yòókù lórí káàdì náà dúró síbi tó yẹ. Ẹni tó yí ọ̀kan yìí mọ èyí tó máa dun Alhaja. Ta ló tún gbọ́ Yorùbá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, yàtọ̀ sí ìwọ? Ronú o. Má jẹ́ kí n bá ọ ronú.

Ó ti tó. Mo ń sọ ìwọ, ìwọ fún yín láti òkè, ó sì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu ju alloco, dòdò ìlú yìí, lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájì kò kọ nǹkan kan. Èmi àbúrò yín tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni.

Ní Jímọ̀ yẹn, Carelle ní kí n bá òun jókòó ti kọ̀ǹpútà, òun fẹ́ lọ ra garba. Ẹ rántí bí Alhaja ṣe pè mí ní “ọmọ tó sá kúrò níléèwé ní quatrième” lójú gbogbo èèyàn? Mo yí àmì kan péré. Mo rò pé ẹ máa rí i kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ká jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i. Orúkọ Carelle ni gbogbo wa sì fi ń wọlé, torí ẹ ò tíì ṣe orúkọ ìwọlé tiwa.

Nígbà tí ẹ ń mú un lọ sí Treichville lónìí, kó lọ kúnlẹ̀ fún Alhaja, ẹ ní, “Tá a bá dé, kó kó ẹrù ẹ̀.” Carelle wò mí. Ó sì tẹ̀lé yín jáde. Ọdún mẹ́ta ló ti ń wọ ọkọ̀ gbaka wá láti Abobo, kò pẹ́ dé rí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn Àlàájì tí mo máa ń sín jẹ ló ń wá sí mi lẹ́nu. Tèmi kọ̀, kò jáde.

Nítorí náà, inú àpò tí Mègáàdì ń ṣọ́ ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, mo sì ń tọ́jú rẹ̀ ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó ka èyí, fóònù yín á ti dún títí ní pálọ̀ Alhaja: Carelle ṣẹ̀dá fáìlì. Carelle yí i padà. Carelle tún yí i padà. Ẹ rántí, Ẹ̀gbọ́n: ta ló wà lórí eékún níwájú yín nígbà yẹn?

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò ṣẹ̀. Kó fún yín ní sùúrù, kó sì fún mi ní ojú tí n ó fi wo Carelle.

Èmi ni àbúrò yín, ìyà ilé wa gan-an,
Siddiqah.

Àfikún: Mo ti tún káàdì Alhaja ṣe. Ìyá ni mo kọ, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ Ignace. Mo ń gbé káàdì náà bọ̀ ní Treichville, kí n kúnlẹ̀ fúnra mi, kí n sì fi ohùn tèmi sọ̀rọ̀. Bí a bá kọjá ara wa lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí Carelle kó ẹrù.