Ewúrẹ́ Inú Ìwé Ò Ké Mọ́

Bàbá mi àtàtà,

Rábì ti gbé bátìrì mì. Àwọn dókítà ti gbé ọmọ náà wọlé lọ ní ọsibítù, wọ́n ní kí n dúró síta. Mo dúró, mo jókòó, mo tún dìde. Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ. Nọ́ọ̀sì kan ló yá mi ní bíírò. Ó rò pé nọ́ńbà ẹnì kan ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀.

Ẹ ò mọ Rábì. Ẹ ti kú kí n tó lóyún ẹ̀. Àbúrò Mọ́ríámọ̀ ni, ó ti pé ọmọ ọdún méjì. Mọ́ríámọ̀ lẹ mọ̀, òun lẹ máa ń gbé sí èjìká lọ wo rélùwéè ní Agége. Òun náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ó wà níbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Bátìrì yẹn ò tóbi, Bàbá. Ó rí pẹlẹbẹ, ó ń dán bíi bọ́tìnì aṣọ. Inú ìwé ló ti jáde. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní irú ìwé wo ló ń lo bátìrì. Ìwé ọmọdé ni. Àwọn ìwé ọmọdé tó ń jáde báyìí, tẹ́ ẹ bá rí wọn, ẹnu máa yà yín.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ọmọdé kan ní Ìkẹjà. Èmi ni mo ń tú páálí, mo ń nu ìwé, mo ń tò ó sórí pẹpẹ. Wọn ò kàn tò ó bó ṣe wù wọ́n o, bí ọmọ bá ṣe dàgbà tó ni wọ́n fi ń tò ó. Ti àwọn ọmọ tó ń rá ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ọwọ́ wọn lè tó o. Ewé ìwé yẹn le bíi páálí. Wọ́n gé etí ẹ̀ róbótó kó má baà gún ọmọ lójú, torí wọ́n mọ̀ pé ẹnu ni ọmọ máa kọ́kọ́ kì í bọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ aṣọ, ẹ lè fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sá a. Àwọn kan, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan àgùntàn tó wà níbẹ̀, ẹ máa rí i pé irun wà lára ẹ̀. Lókè ìyẹn ni tàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iléèwé, àwòrán ńlá, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Lókè pátá ni tàwọn ẹgbẹ́ Mọ́ríámọ̀, tó nípọn, tí àwòrán inú ẹ̀ ò tó nǹkan. Àwọn ọmọ tó wà nínú àwòrán dúdú bíi tiwa, wọ́n dirun ṣùkú, wọ́n ń gbé ilé tó jọ tiwa. Èdè Yorùbá wà nínú àwọn míì tí mo lè kà láìdúró. Nígbà míì tí ọ̀gá mi ò bá sí nítòsí, màá ṣí ọ̀kan, màá gbóòórùn ẹ̀.

Ẹ rántí tèmi? Ara ògiri ni mo ti kàwé. Pépà tó bá bàjẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ máa ń ká a mọ́ abíyá wálé. Ẹ máa fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá wa. Ìtàn á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á wá gé síbi tí pépà gé sí. Ẹ ò mọ̀wé kà, àmọ́ ẹ máa jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa wo àwòrán ibẹ̀, ẹ máa parí ẹ̀ fún mi. Kì í parí síbì kan náà. Lónìí ọmọ yẹn á rí ìyá ẹ̀, lọ́la á di awakọ̀ rélùwéè. Tó bá di pé kẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí màmá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, èmi ni màá kọ ọ́. Ìwé kékeré tí mo kà yẹn, ibẹ̀ ló ti wúlò jù. Eléyìí tí mò ń kọ báyìí ńkọ́? Ta ló máa kà á fún yín?

Mo ṣáà ti sọ fún ara mi látìgbà tí mo ti bí Mọ́ríámọ̀ pé àwọn ọmọ tèmi máa ní ìwé tó pé. Ìwé tó ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ní ìparí, tó ní èèpo. Ohun tí mo fẹ́ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ó ti pọ̀ jù ni?

Ìwé ẹran ni ìwé tí mò ń sọ yìí. Tí ọmọ bá tẹ orí màlúù, màlúù á ké. Tó bá tẹ adìyẹ, adìyẹ á ké. Oníbàárà kan ló dá a padà torí pé ìdérí kékeré tó bo bátìrì lẹ́yìn ẹ̀ ń ṣí, ìṣó tí wọ́n fi dè é ti já bọ́. Ọ̀gá mi wò ó, ó nà án sí mi.

“Ìyá Mọ́ríámọ̀, mú un lọ fún Rábì. Àmọ́ yọ bátìrì ẹ̀ dànù kó tó débẹ̀ o. Ṣó o gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣé, mà.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. Mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́.

Ìgbà tí mo délé, mo ní kí n kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí n tó yọ ọ́. Mo tẹ orí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ké. Rábì ju búrẹ́dì ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń wá ewúrẹ́ kiri. Nígbà tó wá mọ̀ pé inú ìwé ni, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ yọ ọ́? Tí mo bá yọ ọ́, páálí lásán ló kù. Mo wá téèpù, mo wé e mọ́ ọn, mo tún wé e, mo fi eyín gé e. Mo fà á wò, kò ṣí. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Èmi tẹ́ ẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń ṣọ́ ojú ọ̀nà bí ọlọ́dẹ. Mò ń ṣọ́ iná, mò ń ṣọ́ kànga, mò ń ṣọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń sáré lójú títì. Tí ẹnì kan bá pe àwọn ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ti yọjú. Mi ò ṣọ́ ìwé. Ta ló ń ṣọ́ ìwé, Bàbá?

Láàárọ̀ yìí, mò ń fọṣọ ní ẹ̀yìnkùlé. Mọ́ríámọ̀ ń ka ìwé yẹn fún Rábì lórí ẹní, mò ń gbọ́ ohùn wọn. Mọ́ríámọ̀ bá pariwo látinú yàrá.

“Mọ́mì, ewúrẹ́ ò ké mọ́ o!”

“Bóyá ó ti yó.”

“Màlúù náà ò ké!”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi jàre, ẹ ti dà wọ́n láàmú jù.”

Ìyá Kúdí tá a jọ ń gbélé dá sí i níbi tó ti ń gé ẹ̀fọ́. “Ẹ kúkú pa á. Iléyá ò jìnnà mọ́.”

A jọ ń rẹ́rìn-ín. Bàbá, mò ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń gbé e mì.

Ìgbà tí mo gbọ́ ikọ́ ni mo wọlé. Itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ó di ọrùn mú. Ìwé wà nílẹ̀, téèpù ti ṣí, ojú ihò yẹn ṣófo. Ẹ̀yin ti mọ ohun tí mo ṣe, ẹ ò nílò kí n sọ ọ́, torí ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Ọjọ́ tí egungun ẹja há mi lọ́fun, tí mo rò pé mo máa kú, ẹ̀yin lẹ mú òkèlè ẹ̀bà, ẹ tẹ̀ ẹ́ róbótó, ẹ yí i nínú ọbẹ̀ ilá, ẹ ní kí n má rún un, kí n gbé e mì lódindi. Egungun bá a lọ. Ẹ nu ojú mi pẹ̀lú etí agbádá yín.

Omi gbígbóná wà nínú fúláàsì. Mo da gààrí sí i. Ilá àná ṣì wà. Mo tẹ̀ ẹ́ kékeré, mo ń sọ fún un pé gbé e mì, ìyá mi, gbé e mì. Ó ń sunkún, ó ń gbé e mì, torí pé èmi ni mo ní kó gbé e mì. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Mo ní Àlámùdù lílàhí. Mo ní ó ti lọ. Mo padà sídìí aṣọ, Bàbá. Mo fọ̀ ọ́ tán. Mo sá a.

Ìgbà tí mo wọlé, ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú itọ́ tó dà sórí ẹní.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ojú títì. Mo pọ̀n ọ́n, Mọ́ríámọ̀ ń sáré tẹ̀lé mi, ẹsẹ̀ kan bàtà ni mo wọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kan tó rí ojú mi já àwọn èrò ẹ̀ sílẹ̀, ó fi fèrè la ọ̀nà títí dé ọsibítù. Wọ́n ya ẹ́síréè. Dókítà nà án sókè sí iná, obìnrin ni, kò ju èmi náà lọ púpọ̀. Mo rí i. Ó funfun, ó rí kìrìbìtì, ó há sáàárín àyà ọmọ mi.

“Mọ́mì, kí ló jẹ kẹ́yìn?”

“Ẹ̀bà.”

“Ṣáájú kó tó gbé e mì?”

“Lẹ́yìn ẹ̀ ni. Kó lè bá a lọ.”

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Kò bú mi. Ì bá san kó bú mi. Ó rọra sọ fún mi pé bátìrì kì í ṣe egungun, pé ó ń jó o níbi tó há sí yẹn, ẹ̀bà ò sì gbé e kúrò rárá, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló gbà kọjá lọ sínú ikùn. Wọ́n ní láti fún un ní oògùn oorun kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Ẹni tí oúnjẹ bá wà níkùn ẹ̀, oúnjẹ yẹn lè gòkè wá nínú oorun, kó gba ibi tí èémí ń gbà. Wọn ò lè dúró kí ẹ̀bà dà, torí bátìrì ò ní dúró dè wọ́n.

“A máa wọlé bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Ẹ máa gbàdúrà, Mọ́mì.”

Mi ò bínú sí yín o. Ẹ ò rí ìwé tó ní bátìrì rí, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀? Mo kàn fẹ́ bi yín ni. Lọ́jọ́ ẹja yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé ó máa lọ, àbí ẹ kàn ń ṣe bí ẹni tó mọ̀ kí n má baà bẹ̀rù? Mi ò bi yín nígbà tẹ́ ẹ wà láyé. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe ni mo kàn ń kó mọ́ra pé ó dáa. Torí ẹ̀yin lẹ ṣe é.

Mo ti pe bàbá àwọn ọmọ. Ilé iṣẹ́ ọ̀rá ló wà, ẹnu géètì ni wọ́n ti máa ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Onígéètì ló gbé e, ó ní òun máa rán ẹnì kan wọlé lọ sọ fún un. Bóyá ó ti gbọ́, bóyá kò tíì gbọ́. Kò sẹ́lòmíì tí mo lè pè.

Mọ́ríámọ̀ gbé ìwé tó nípọn kan dání, èyí tó máa ń kà kiri ilé. Ó ṣí i. Mo ti ń wò ó látìgbà tá a ti jókòó, kò tíì ṣí ewé kejì. Ìgbà kan péré ló lanu.

“Mọ́mì, ṣé torí mo tẹ̀ ẹ́ jù ni?”

Mo ní rárá. Mo ní kì í ṣe ìwọ. Kò wojú mi. Báwo ni mo ṣe máa yọ eléyìí kúrò lára ẹ̀, Bàbá? Ọmọ tó fẹ́ràn ìwé tó báyìí.

Ilẹ̀kùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Nọ́ọ̀sì kan ló jáde, ó ń sáré, ó gbé abọ́ kan dání, kò wò mí. Mo dìde, mo pè é, ó ti kọjá. Ẹlòmíì ti sáré wọlé. Wọ́n ti tún ilẹ̀kùn tì.

Bàbá, ẹ dìde níbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ má dúró wá bàtà. Ẹ wá sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá sọ́dọ̀ yín, ẹ dúró síbẹ̀ nísinsìnyí. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ kékeré kan tó ń bọ̀, tí wọ́n fi aṣọ ọsibítù aláwọ̀ ewé wé, òun ni. Kì í sá fún àlejò. Ó máa na ọwọ́ méjèèjì sí yín pé kẹ́ ẹ gbé òun. Ẹ má gbé e. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbé e. Mo mọ̀ pé ẹ ò jágbe mọ́ ọmọ rí láyé yín. Ẹ jágbe mọ́ eléyìí. Ẹ lé e. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù yín bà á, kó sunkún, kó sá padà wá bá mi. Màá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, èmi ni màá rẹ̀ ẹ́.

Ẹ máa bọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín ni, lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n tì yìí. Ẹ tètè, Bàbá mi. Ẹ tètè.