Òkun Ló Gbé Ilé Wa, Èmi Ò Sá Lọ

                                        Ilé Baba Olówòkéré,
                                        Ẹ̀yìn Èbúté,
                                        Ayétòrò,
                                        Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025.

Kọ́lájọ, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni Àkúrẹ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń dá jókòó? Mo gbọ́ pé ibà dá ọ dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó padà wá. Iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ọ̀gá rẹ ti rọ̀ díẹ̀? Wọ́n ní omi tí kò níyọ̀ lẹ ń mu lọ́hùn-ún, pé ojú rẹ ti ń dán. Má jẹ̀ẹ́ kó dán jù, kí a lè dá ọ mọ̀ tí o bá sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ìyá mi ń kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ń rí púpurú jẹ níbẹ̀, tàbí ìrẹsì lẹ ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mi ò fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ náà gùn ni. Orí afárá pákó tó wà létí èbúté nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń gbé ara rẹ̀ wá, bí mo bá sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló máa ń dá sí i. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ sínú ìwé, kí n lè sọ ọ́ délẹ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bàbá mi ti kú, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni mo ń bá wọn wọ̀ lọ sókun. Ẹni tí kò ní ẹ́ńjìnnì, ìpín rẹ̀ nínú ẹja kì í tó nǹkan. Ó sú mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí mo wọ Òkìtìpupa lọ bá báńkì kékeré kan pé kí wọ́n yá mi lówó ẹ́ńjìnnì, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ mi, ó wò ó, ó tún wò mí.

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, orúkọ yín ti bàjẹ́.”

Mo ní ta ló bà á jẹ́? Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Ṣé o rántí àwọn ayánilówó tí mo yá owó àwọ̀n lọ́wọ́ wọn kí òkun tó gbé ilé wa? Mo san owó yẹn tán pátá, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó tán. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ nǹkan mìíràn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àdírẹ́sì irọ́ ni mo fún àwọn, pé ẹni náà ti sá lọ.

Kọ́lájọ, èmi ni wọ́n ní mo sá lọ! Èmi tí mo dúró síwájú rẹ̀ níbẹ̀! Mo pariwo, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì fà mí lápá jáde. Mi ò tíì nu òógùn ojú mi tán tí ọkùnrin kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà fi sún mọ́ mi. Ó ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun mọ àwọn ènìyàn nínú ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tó san án, pé tí mo bá fún òun lówó, òun á bá mi fọ orúkọ mi mọ́. Mo bi í bóyá orúkọ mi jẹ́ aṣọ ni. Ó ní kí n lọ máa ṣe olóòótọ́ kiri, pé òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Mo ní kó jókòó tì í níbẹ̀, èmi ló máa wá rà á.

Promise, ọmọ àbúrò ìyá mi, ló fi mí sínú ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù. Àwọn tí irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ara wọn bí ènìyàn ṣe lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe láì sanwó fún aṣojú kankan. Tíṣà kan tó ń jẹ́ Khalidat, tó ń gbé ní Ìlọrin, ló ń darí wọn. Gbèsè ẹlòmíràn ni wọ́n kọ sọ́rùn tirẹ̀ nígbà kan rí, òun fúnra rẹ̀ ló sì jà á títí tí wọ́n fi yọ ọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ni pé ẹ̀tọ́ mi ni láti béèrè àkọsílẹ̀ mi kí n sì rí i. Mo kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà, wọ́n sì fi tèmi ránṣẹ́ sí mi. Ohun kejì le díẹ̀. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀rí hàn pé mo gbé ní àdírẹ́sì náà lóòótọ́. Ẹnì kan ní kí n ya fọ́tò bílì iná mànàmáná. Mo ní iná wo? Mo ní láti ìgbà tí iná ti kúrò lọ́dọ̀ wa, àwọn tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń hu irùngbọ̀n. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ya fọ́tò iwájú ilé. Mo ní iwájú ilé ti di òkun, ẹ̀yìn ilé náà sì ti di òkun. Ọ̀kan nínú wọn wá kọ ọ́ pé, “Àdírẹ́sì inú òkun! Àbí ọkọ Màmí Wọtà ni yín, sà?” O mọ̀ mí. Mo dá a lóhùn débi pé Khalidat yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó ní kí n lọ fi omi tútù bọ́jú. Nígbà tó dá mi padà, mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn mi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí: “Ẹ̀yin òpùrọ́ wọ̀nyí.”

Khalidat ní, “Godwin, ìbínú kì í ṣe ẹ̀rí. Pa á rẹ́.”

Mo ní gbogbo ìlú ló mọ̀ pé òkun gbé ilé wa.

Ó ní, “Gbogbo ìlú mọ̀. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Fi hàn án.”

Inú bí mi sí i, ṣùgbọ́n mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Ọ̀kan lára wọn, tó máa ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, wá kọ́ mi bí ènìyàn ṣe ń wo àwòrán ilẹ̀ láti ojú sánmà lórí fóònù, tí yóò sì fi ìka fa ọdún sẹ́yìn. Mo jókòó sórí afárá, mo ń fa ọdún. Mo rí Ayétòrò bí a ṣe mọ̀ ọ́n ní kékeré. Mo rí òrùlé páànù wa, pẹ̀lú apá ibi tí bàbá mi ti fi páànù tuntun lẹ̀ ẹ́, tó ń dán ju ìyókù lọ. Mo tún fà á síwájú, omi ti dé àgbàlá. Mo tún fà á síwájú, ìdajì òrùlé ló kù. Lẹ́yìn ìyẹn, omi ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo sunkún. Ìwọ ni mo sọ fún.

Mo ya àwọn àwòrán náà sílẹ̀. Baba Olówòkéré, tó gbà wá sílé báyìí tó sì jẹ́ àgbà àdúgbò, kọ ìwé pé òun mọ̀ wá, pé ẹ̀gbẹ́ ilé òun àtijọ́ la gbé. Ṣùgbọ́n Khalidat ní ó ṣì ku ohun kan: ta ni ẹni tó kọ ọ́ pé mo sá lọ, ibo ló sì dé kó tó kọ ọ́?

Ìgbà náà ni mo rántí Ìsìmáílà, ọmọ Alíájà tó ń ta epo lẹ́bàá èbúté. Òun ló máa ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó àlejò wá láti Ìgbókọ̀dá. Mo bi í bóyá ó gbé aṣojú àwọn ayánilówó kan wá lẹ́yìn tí òkun gbé ilé wa. Ẹ̀rín mú un, ó di òpó mú.

“Ọkùnrin oníbàtà tó ń dán yẹn! Ó ní òun ń wá Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀, ilé Jọọlá. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo ní, ‘Ọ̀gá, a ti dé o.’ Ó wo ọ̀tún, omi. Ó wo òsì, omi. Ó ní, ‘Ibo ni ilé náà?’ Mo ní, ‘Abẹ́ ìdí yín, sà.’”

Ó ní ọkùnrin náà bínú, ó ní, “O ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, màá fẹjọ́ rẹ sun ọlọ́pàá.” Ìgbì kan wá gbá ọkọ̀, ọkùnrin náà bì sórí bàtà ara rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dá òun padà. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìlú wa rárá.

Mo bi Ìsìmáílà bí ó ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìmọ̀kan. O mọ̀ pé àwọn òpó ilé wa ṣì dúró nísàlẹ̀. Àwọ̀n tó bá gba ibẹ̀ kọjá á há. Àwọn apẹja ti mọ gbogbo wọn ní orúkọ báyìí. Bí àwọ̀n bá há, wọ́n á ní, “Ilé Jọọlá ti mú wa o.” Bó bá ya, wọ́n á ní ilé Fágbèmí ni, nítorí pé òpó ilé yín ní ìṣó púpọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìsìmáílà gbé mi lọ. Ó pa ẹ́ńjìnnì ní ibi tó ti pa á fún ọkùnrin yẹn. Mo ki ọ̀pá bọ omi, ó sì kan igi, ó dún kó! Mo tún kì í, ó tún dún. Bàbá mi ló gbẹ́ òpó yẹn. Mo tẹ ibi tí fóònù ti ń fi ibi téèyàn wà hàn, àmì náà sì bọ́ sórí ibi tí òrùlé wa wà nínú àwòrán àtijọ́. Promise ń ya fídíò. Ìsìmáílà dìde dúró nínú ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ wàásù, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ ẹni tó gbé wá, ó sì sọ ohun tí ẹni náà ṣe. Mo ní kó yọ ọ̀rọ̀ bàtà kúrò. Ó kọ̀.

Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ náà pẹ̀lú ìwé ẹ̀sùn tí kò ní èébú kankan nínú. Khalidat ló kà á kẹ́yìn, ó ní “Ó dára báyìí,” bí ẹni ń máàkì iṣẹ́ ọmọ kíláàsì. A dúró títí. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá ọ̀nà ti là. Nígbà tí ìdáhùn dé, kò gùn rárá. Wọ́n ní àwọn ti béèrè lọ́wọ́ ayánilówó náà, pé aṣojú wọn gbà pé òun kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, pé àwọn ti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí orúkọ mi. Mo ké tòò lórí afárá. Àwọn ènìyàn sáré jáde, wọ́n rò pé ẹnì kan ti já sómi.

Mo lọ aṣọ mi, mo padà sí Òkìtìpupa. Ọmọbìnrin kan náà ni. Ó tẹ orúkọ mi, ó wò ó, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jókòó.” Ọ̀rẹ́ mi, mo jókòó dáadáa! Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì kí mi nígbà tí mo ń jáde. Ẹ́ńjìnnì náà ti dé. Mo ti fi lọ sókun, mo ti fi gbé ẹdé àti bọ́ńgà bọ̀, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Èmi tí wọ́n ní mi ò mọ̀wé ni Khalidat ní kí n máa gba àlejò tó bá wọ inú ẹgbẹ́ láti etí òkun.

Ọ̀kan lára wọn wà nílé wa níhìn-ín. Ìyá rẹ ni. Ó sọ fún gbogbo ayé pé òun ti dàgbà ju ẹni tó ń yáwó ra ẹja yíyan lọ. Irọ́ ni. Wọ́n lé e padà ní báńkì bí wọ́n ṣe lé mi ni, ojú sì tì í. Nígbà tí mo bá a béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀, ohun kan náà ló wà níbẹ̀, ọkùnrin kan náà, ọjọ́ kan náà. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Mo ti sọ ọ́ báyìí, kó wá bá mi jà. Gbogbo nǹkan yòókù ti pé lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n àwọn igi àgbọn bo ilé yín mọ́lẹ̀, a kò rí òrùlé rẹ̀ láti ojú sánmà. Fọ́tò tí ẹ yà lọ́jọ́ tí Rhoda ẹ̀gbọ́n rẹ ṣègbéyàwó, tí gbogbo yín dúró síwájú ilẹ̀kùn, tí nọ́ńbà ilé hàn lókè orí rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ló kù sí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Bá mi kí Rhoda tí o bá bá a sọ̀rọ̀. Fẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu fún mi. Ìsìmáílà ń kí ọ, Baba Olówòkéré ń kí ọ, Promise náà ń kí ọ.

Bí lẹ́tà yìí bá ti dé ọwọ́ rẹ, wá fọ́tò náà kí o tó jẹun, kí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìyá Rhoda ti sá lọ. Kọ́lájọ, ìyá rẹ wà lẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó ń yan ẹja, ó sì ń pariwo pé kí n wá bá òun fẹ́ iná.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mo jẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò,

Godwin Jọọlá